Ta ni à bá lọ kí? Ohun tí ojú mi rí nínú ọgbọ̀n ọdún pẹ̀lú ẹ̀gẹ́ àgíríìkì

Ní Ìbàràpá níbi tí wọ́n bí mi sí, bí ènìyàn bá pe ọ̀rọ̀ náà “àgíríìkì”, ohun mẹ́ta ni ó lè ní lọ́kàn. Ó lè jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba tí ń gun alùpùpù wá sí abúlé láti bá àwọn àgbẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó lè jẹ́ adìẹ funfun tí a ń sìn nínú àgò. Ó sì lè jẹ́ ẹ̀gẹ́ tí kì í ṣe ti àwọn baba wa, èyí tí ó tètè ń gbó tí ó sì ń ta dáadáa nínú ebè. Èmi fúnra mi ti jẹ́ àkọ́kọ́ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún ọgbọ̀n ọdún. Ìkẹta ni mo sì ń gbé kiri lórí alùpùpù náà, ìdì kan níwájú, ìdì kan lẹ́yìn, kí n tó fẹ̀yìn tì padà sí oko ara mi. Àwọn ọ̀dọ́ máa ń bi mí léèrè pé kí ni ìwádìí àwọn ọ̀mọ̀wé Ìbàdàn ti ṣe fún àgbẹ̀ rí, mo sì ti rí i pé bí mo bá kàn dáhùn pé ó ti ṣe púpọ̀, wọn kì í gbà. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ kọ ohun tí mo rí sílẹ̀ bí ó ṣe ṣẹlẹ̀, pẹ̀lú ibi tí ó dára àti ibi tí ó kù díẹ̀ káàtó.

Mo ń lọ sí ọmọ ọdún mọ́kànlá nígbà tí kòkòrò funfun wọ oko wa. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Bàbá mi mú mi lọ sí oko ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ohun tí a bá níbẹ̀ sì dà bí ẹni pé ẹnì kan ti gbọn ìyẹ̀fun láfún sórí gbogbo ewé ẹ̀gẹ́. Nígbà tí a sún mọ́ ọn, a rí i pé kòkòrò wẹ́wẹ́ ni. Wọ́n kún abẹ́ ewé àti ọ̀mùnú igi, wọ́n ń fa omi ara rẹ̀ mu. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, orí igi di kókó, ewé rẹ̀ ká jọ bí ìkúùkù, ojú igi tí ó yẹ kí ó jìnnà síra sì sún mọ́ra tó bẹ́ẹ̀ tí a kò fi rí èyí tí ó ṣeé gé gbìn. Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ àgbẹ̀ lè rò pé isu tí kò ta nìkan ni àdánù náà. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Igi ni irúgbìn ẹ̀gẹ́. Ẹni tí igi rẹ̀ bá bàjẹ́ lọ́dún yìí kò ní ohun tí yóò gbìn lọ́dún tí ń bọ̀, aládùúgbò tí ì bá sì tọrọ igi lọ́wọ́ rẹ̀ wà nínú ìṣòro kan náà.

A dán oríṣiríṣi nǹkan wò. A ku eérú sí i lára. A gé orí igi, a dáná sun ún. Ẹnì kan ní abúlé kejì lo oògùn tí wọ́n ń fín sí kòkó, ṣùgbọ́n nǹkan bí ìda tí ó bo ara kòkòrò náà kò jẹ́ kí oògùn ràn án bí ó ti yẹ, owó tí ó ná sí i sì ju iye tí gbogbo ẹ̀gẹ́ oko náà tó lọ. Ní ọdún náà, ìyá mi fúnra rẹ̀ ló ń bu gààrí fún ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú ilé. Kò jẹ́ kí ẹlòmíràn fọwọ́ kan àpò náà. Lẹ́yìn nǹkan bí ọdún mẹ́ta, kòkòrò náà dín kù, títí tí a kò fi sọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́. Bàbá mi gbà pé òjò ńlá ló fọ̀ ọ́ lọ. Kò sí ẹni tí ó jiyàn, nítorí pé òótọ́ ni pé òjò máa ń dín in kù.

Ó tó nǹkan bí ọdún mẹ́wàá kí n tó mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ gan-an. Mo ti wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga iṣẹ́ àgbẹ̀ tí ó wà ní Moor Plantation ní Ìbàdàn, ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti dá sílẹ̀ láti 1921. Olùkọ́ tí ń kọ́ wa nípa kòkòrò mú ewé ẹ̀gẹ́ gbígbẹ kan wá sí kíláàsì, ó sì fi awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá lé wa lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Òkú kòkòrò funfun wà lára ewé náà. Ó ti gbẹ, ó ti le, àwọ̀ rẹ̀ ti yí padà, ihò róbótó kan sì wà lára rẹ̀. Olùkọ́ ní agbọ́n ló gba ibẹ̀ jáde.

Ó wá ṣàlàyé. Ìhà Gúúsù Amẹ́ríkà ni ẹ̀gẹ́ ti wá sí Áfíríkà, ibẹ̀ náà sì ni kòkòrò funfun yìí ti wá. Nígbà tí ó wọ ilẹ̀ Kóńgò ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, òun nìkan ló wá. Ọ̀tá tí ń pa á nílé kò bá a wá, ìyẹn ni ó fi ráyè bí sí i tí ó sì dé Nàìjíríà kí àwọn ọdún 1970 tó parí. Hans Herren, ọmọ ilẹ̀ Switzerland tí ń ṣiṣẹ́ ní IITA, ilé ìwádìí àgbáyé lórí iṣẹ́ ọ̀gbìn tí ó wà ní Ìbàdàn, kó àwọn ènìyàn jọ láti wá ọ̀tá náà dé ibi tí ẹ̀gẹ́ ti ṣẹ̀ wá. Ní àwọn ibi tí wọ́n kọ́kọ́ dé, kòkòrò tí wọ́n rí jọ ọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun. Ní 1981 ni wọ́n rí ojúlówó rẹ̀ ní Paraguay, wọ́n sì rí agbọ́n kan tí ó kéré ju èèrà lọ, tí ń fi ẹyin rẹ̀ sínú ara kòkòrò náà kí ọmọ rẹ̀ lè jẹ ẹ́ láti inú wá. Wọn kò gbé e wá tààrà. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e lọ, kí wọ́n lè yẹ̀ ẹ́ wò bóyá yóò pa ohun mìíràn lára, kí ó tó dé Ìbàdàn, níbi tí wọ́n ti sìn ín tí wọ́n sì ti ń tú u sílẹ̀. Wọ́n fi ọkọ̀ òfuurufú tú u sílẹ̀ pẹ̀lú. Kò pẹ́ tí ó fi wà ní orílẹ̀-èdè tí ó lé ní ogún ní Áfíríkà. Lẹ́yìn tí mo ti kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́ náà, ní 1995, wọ́n fún Herren ní Ẹ̀bùn Oúnjẹ Àgbáyé nítorí iṣẹ́ yìí.

Mo lọ sílé ní ìsinmi, mo sì rò ó fún bàbá mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó jókòó sórí àpótí rẹ̀, kò dá ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu. Nígbà tí mo parí, ó ní, “Àwọn tí ó kó agbọ́n yẹn wá, èló ni wọ́n gbà lọ́wọ́ wa?”

Mo ní, “Wọn kò gba kọ́bọ̀, Bàbá.”

“Ta wá ni ó san án?”

Mo sọ fún un pé àwọn ìjọba orílẹ̀-èdè kan àti àwọn àjọ àgbáyé ló dáwó jọ. Ó dákẹ́ pẹ́, ó sì wá bèèrè ohun tí mo fi ṣe orí ọ̀rọ̀ yìí: “Ó dára. Ta ni à bá lọ kí?”

N kò ní èsì. Ìbéèrè náà sì bá mi wọ iṣẹ́. Ọmọ Yorùbá ni bàbá mi. Bí ènìyàn bá ṣe ọ lóore lánàá, o ní láti lọ kí i lówùúrọ̀ òní, ó sì yà á lẹ́nu pé irú oore yìí lè kọjá lára gbogbo ìlú láìsí ẹni tí ó mọ ẹnu ọ̀nà tí à bá kàn. Nígbà tí mo dàgbà sí i, mo rí i pé àìmọ ẹnu ọ̀nà yẹn gan-an ni bí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣe rí. Bí ó bá jẹ́ pé oníṣòwò ni wọ́n fi lé lọ́wọ́, n kò rò pé agbọ́n náà ì bá kúrò ní Paraguay. Oògùn ni a lè dì sínú ìgò kí a tà. Agbọ́n tí a bá tú sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kò mọ oko ẹni tí ó sanwó yàtọ̀ sí oko ẹni tí kò san, ó ń bí sí i fúnra rẹ̀, àgbẹ̀ kò sì ní ohun tí yóò padà wá rà. Ohun tí kò ṣeé tà báyìí, owó gbogbo ènìyàn ni a fi ń ṣe é, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ a kò ní ṣe é rárá.

Àwọn ará Ìkirè ti dáhùn ìbéèrè náà ní ọ̀nà tiwọn kí bàbá mi tó bèèrè rẹ̀. Sang Ki Hahn, ọmọ ilẹ̀ Korea tí ó dé IITA ní 1971 tí ó sì darí iṣẹ́ lórí ẹ̀gẹ́ àti iṣu níbẹ̀ fún ohun tí ó ju ogún ọdún lọ, ni wọ́n fi jẹ oyè Sẹ́ríkí Àgbẹ̀. Inú mi máa ń dùn bí mo bá rántí èyí, nítorí pé oyè ni ọ̀nà tí ìlú wa mọ̀ láti kí ẹni tí a kò lè san oore rẹ̀. Síbẹ̀, Hahn fúnra rẹ̀ bá iṣẹ́ nílẹ̀ ni. Àrùn ewé ẹ̀gẹ́, èyí tí ń sọ ewé di àwọ̀ ewé àti àwọ̀ òféfèé tí ó sì ń ká a jọ, tí eṣinṣin funfun wẹ́wẹ́ ń gbé kiri láti igi dé igi, ni àwọn olùṣèwádìí ìjọba ní Amani, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Tanzania lónìí, ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá jà ní àwọn ọdún 1930. Wọ́n mú ẹ̀gẹ́ àti ìbátan rẹ̀ kan, igi rọ́bà tí ó ti Bùràsíìlì wá, wọ́n fi ọ̀kan gba ìkejì lóyún, nítorí pé àrùn náà kì í fi bẹ́ẹ̀ ran igi rọ́bà yẹn. Irúgbìn tí ó ti inú iṣẹ́ wọn jáde dé Moor Plantation ní àwọn ọdún 1950. Ọ̀kan nínú àwọn igi tí wọ́n yàn níbẹ̀, tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 58308, kò ta dáadáa. Àrùn kò kàn lè ṣe é nǹkan púpọ̀ ni. Síbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò jù ú nù. Àwọn òṣìṣẹ́ ọgbà ń gé e, wọ́n ń tún un gbìn lọ́dọọdún, títí Hahn fi dé tí ó sì lò ó láti bí irú ẹ̀gẹ́ tuntun, tí TMS 30572 tí a mọ̀ jù lọ wà lára wọn. Láti Amani dé oko wa, ohun tí ó lé ní ogójì ọdún ni. Kò sí àgbẹ̀ kan tí apá rẹ̀ lè ká irú ìdúró bẹ́ẹ̀. Ìjọba tí ń yí owó ìwádìí padà lọ́dún mẹ́rin mẹ́rin náà kò lè ṣe é.

Ní 1993 ni wọ́n gbé mi lọ sí àwọn abúlé mẹ́jọ kan gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ àgbẹ̀, lábẹ́ ètò tí Báńkì Àgbáyé yá ìjọba lówó fún. Ètò náà létò. Ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì ni wọ́n ń kọ́ wa. A ó sì lọ sí abúlé kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ tí àgbẹ̀ ti mọ̀ pé a ń bọ̀. Ní oṣooṣù, àwọn ọ̀gá wa a máa bá àwọn olùṣèwádìí pàdé, àwọn ti IAR&T, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tí ó wà ní Moor Plantation, ló sì ń ṣe kòkáárí rẹ̀ fún ìhà wa. Iṣẹ́ ìpàdé yẹn ni kí ọ̀rọ̀ lọ sókè kí ó sì bọ̀ sílẹ̀, àmọ́ èmi ní tèmi, ọ̀rọ̀ tí ń bọ̀ sílẹ̀ nìkan ni mo kọ́kọ́ gbọ́.

Ohun tí mo kọ́kọ́ gbé lọ fún wọn ni pé kí wọ́n gbin ẹ̀gẹ́ nìkan sóko, mítà kan sí mítà kan, kí igi 10,000 lè wọ hẹ́kítà kan. Ìyá opó kan wà ní abúlé kẹta, Ìyá Àgbà ni gbogbo wọn ń pè é. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ mi títí dé òpin, ó sì ní, “Ọmọ mi, o ṣeun, ọ̀rọ̀ rẹ dára. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo bá gbìn ín títí yóò fi gbó, kí ni èmi àti àwọn ọmọ-ọmọ mi yóò máa jẹ?” Mo ní kí wọ́n ṣe sùúrù, pé èrè rẹ̀ ń bọ̀. N kò mọ̀ nígbà náà pé mo ń sọ fún ẹni tí ó ti dá oko kí wọ́n tó bí mi pé kí ó fi sùúrù jẹun.

Kò bá mi jà. Ó pín ilẹ̀ rẹ̀ sí méjì. Ó gbin ẹ̀gẹ́ tí mo kó wá sí apá kan bí mo ṣe wí; ó sì gbin ẹ̀gẹ́ kan náà sí apá kejì pẹ̀lú àgbàdo àti ẹ̀gúsí láàárín rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìyá rẹ̀ ti ń ṣe. Ní apá tèmi, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ro ó kí ewé ẹ̀gẹ́ tó bo ilẹ̀. Ní apá tirẹ̀, ẹ̀gúsí ti nà bo gbogbo ilẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, koríko kò ráyè, ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n fi ọkọ́ kàn án. Ó kórè àgbàdo tútù, ó kó ẹ̀gúsí, ó tà nínú rẹ̀ ní ọjà Igbó-Ọrà, ẹ̀gẹ́ rẹ̀ sì ṣì wà nílẹ̀. Nígbà tí a wú ẹ̀gẹ́ méjèèjì tí a sì fi ìwọ̀n wọ̀n wọ́n, ti apá tèmi fi díẹ̀ ju tirẹ̀ lọ. Díẹ̀ yẹn kò tó owó ẹ̀gúsí rẹ̀.

Mo kọ ìwé ìròyìn nípa rẹ̀, mo sì bẹ ọ̀gá mi kí ó jẹ́ kí n tẹ̀ lé e lọ sí ìpàdé oṣù náà. Mo rò pé mo gbé ohun tuntun wá. Àgbàlagbà olùṣèwádìí kan rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní àwọn ará Ìbàdàn ti ṣiṣẹ́ lórí bí ẹ̀gúsí ṣe ń bo koríko mọ́lẹ̀ nínú oko ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo láti ọdún pípẹ́, pé ọ̀dọ̀ àwọn àgbẹ̀ gan-an ni wọ́n ti rí i tí wọ́n fi lọ wò ó fínnífínní. Ó bá mi wá àwọn ìwé náà. Ó sọ bí a ṣe lè fi àyè sí àgbàdo kí ó má baà ṣíji bo ẹ̀gẹ́, àti ìgbà tí ó yẹ kí a gbin ẹ̀gúsí kí ó tó pẹ́ jù. Ìmọ̀ wà nílé; èmi tí wọ́n rán ni kò bèèrè. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá dé abúlé, ìbéèrè ni mo kọ́kọ́ ń gbọ́, mo sì ń kọ ọ́ sínú ìwé pélébé kan tí n kì í jẹ́ kí ó jìnnà sí mi. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè: àgbẹ̀ kò ní awò tí ó lè fi rí ẹyin agbọ́n, olùṣèwádìí kò sì ní ọmọ-ọmọ mẹ́fà tí wọ́n ń dúró de oúnjẹ lórí hẹ́kítà kan ṣoṣo.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí igi ẹ̀gẹ́ tuntun ṣe tàn kálẹ̀, nítorí pé níbẹ̀ ni mo ti rí agbára ohun tí ó jẹ́ ti gbogbo ènìyàn. A máa ń di igi àádọ́ta, tí gígùn ọ̀kọ̀ọ̀kan tó mítà kan, ní ìdì kan. Igi mítà kan yóò fún ni ní ègé mẹ́rin, ègé kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ojú márùn-ún sí méje. Nítorí náà ìdì àádọ́ta ni yóò gbin hẹ́kítà kan. Àgbàdo kan lè fún ni ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún irúgbìn láàárín oṣù mẹ́rin, ṣùgbọ́n igi ẹ̀gẹ́ kan kì í sábà fún ni ju nǹkan bí ègé mẹ́wàá lọ lọ́dún kan. Ó lọ́ra. Bí ìjọba nìkan bá ní kí òun pín in, yóò gba ìran kan. Ohun tí a ṣe ni pé ẹni tí ó bá gba ìdì kan lọ́fẹ̀ẹ́ yóò fi ìdì méjì fún ẹlòmíràn lẹ́yìn ìkórè. A kò kọ ìwé àdéhùn. Ìyá Àgbà fún ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí ó wà ní ìlú Tápà, ẹni yẹn fún àna rẹ̀, ẹnì kan fi igi ẹ̀gẹ́ ṣe ẹ̀bùn fún ìyàwó tuntun tí ń lọ sí ilé ọkọ. Lẹ́yìn ọdún márùn-ún, mo ń rí i ní oko tí alùpùpù mi kò dé rí. Kò sí ẹni tí ó ní ìwé àṣẹ lórí igi náà tí yóò wá mú àgbẹ̀ nítorí pé ó fún àbúrò rẹ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 ni Nàìjíríà ti gba ipò kìíní lọ́wọ́ Bùràsíìlì nínú àwọn tí ń kórè ẹ̀gẹ́ jù lọ láyé, ó sì dá mi lójú pé àwọn ẹ̀bùn báyìí wà nínú rẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo igi tí ó ti Ìbàdàn wá ni wọ́n gbà. Ọ̀kan wà tí ó ta gan-an lójú wa tí a ń wọ̀n ọ́n, ṣùgbọ́n àwọn obìnrin tí ń dín gààrí kọ̀ ọ́ láàárín ọdún kan. Wọ́n ní omi ló kún inú rẹ̀, pé bí wọ́n bá rin ín tí wọ́n fún omi rẹ̀ tán, ohun tí ó kù kò tó ohun tí à ń dáná fún, gààrí rẹ̀ kì í sì í wú. Èyí wọ inú ìwé pélébé mi. Kì í ṣe èmi nìkan ni mo gbé irú ẹjọ́ yìí lọ. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni, ó sì pẹ́ kí wọ́n tó fi etí sí i bí ó ti yẹ. Lónìí, wọ́n ń pe àwọn tí ń dín gààrí àti àwọn tí ń ṣe láfún láti wá yẹ ẹ̀gẹ́ wò kí wọ́n tó yan èyí tí wọn yóò gbé jáde. Ó yẹ kí ó ti rí bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí pé àwọn obìnrin wọ̀nyí ni wọ́n mọ ohun tí ẹ̀gẹ́ wà fún.

Ní àwọn ọdún 1990, irú àrùn ewé ẹ̀gẹ́ kan tí ó le ju èyí tí a mọ̀ lọ ba oko jẹ́ káàkiri Uganda. Àwọn olùṣèwádìí kò dúró kí ó dé ọ̀dọ̀ wa kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá igi tí yóò lè dúró. Ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n gbé jáde fún wa ní 2005 ni TME 419. Nọ́ńbà yẹn kọ́kọ́ bà wọ́n lẹ́rù ní abúlé, nítorí ohun tí a mọ̀ ọ́n mọ́ ní Nàìjíríà, ṣùgbọ́n igi náà tọ́ gbọnrangandan, ó rọrùn láti dì, isu rẹ̀ sì ní ìyẹ̀fun nínú dáadáa. Ohun tí ó wú mi lórí jù ni ibi tí ó ti wá. Kì í ṣe ọgbà ìwádìí ni wọ́n ti bí i. Ẹ̀gẹ́ àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ Tógò ni, tí wọ́n ń pè ní Gbazekoute lọ́hùn-ún. Àwọn olùṣèwádìí kàn gbà á lọ́wọ́ wọn ni, wọ́n dán an wò lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn yòókù, wọ́n sì rí i pé ohun tí àgbẹ̀ Tógò yàn fún ara wọn lè gba àgbẹ̀ Nàìjíríà là. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè. Nígbà tí mo sọ ìtàn yìí ní abúlé, bàbá kan dìde, ó lọ mú ègé ẹ̀gẹ́ kan wá láti ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, ó ní kí n gbé e lọ fún àwọn ará Ìbàdàn kí wọ́n wò ó. Mo gbé e lọ.

Ohun tí ó dé bá àwọn abúlé náà hàn sí ojú. Ilé ẹ̀rọ ìrin-ẹ̀gẹ́ dìde níbi tí àwọn ọmọdébìnrin ti ń fi páànù rin ín títí ìka wọn yóò fi bó. Páànù tuntun bo orí ilé. Àwọn obìnrin ẹlẹ́gbẹ́ òṣìṣẹ́ wa, tí wọ́n ń bá àwọn ìyá ṣiṣẹ́, kọ́ wọn bí a ṣe ń lọ ẹ̀wà sóyà mọ́ ògì fún ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú, ohun tí àwọn olùṣèwádìí FIIRO, ilé ìwádìí ìjọba àpapọ̀ tí ó wà ní Oṣòdì, ti ṣiṣẹ́ lé lórí. Mo mọ ìyá tí ó ní ògì yẹn ló gbé ọmọ òun dìde. Lẹ́yìn 2011, nígbà tí wọ́n gbé ẹ̀gẹ́ aláwọ̀ òféfèé tí ó ní ohun tí ara ń sọ di fítámì À jáde, àwọn oníbàárà wa rò pé epo ni a fi dín in, nítorí pé gààrí funfun ni wọ́n mọ̀. Ìgbà tí a sè é ní ilé-ìwé tí àwọn ọmọ jẹ ẹ́ ni ó tó di ohun tí wọ́n ń béèrè.

Àmọ́ ìpalára wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ọdún kan wà tí gbogbo wa kórè papọ̀, tí ẹ̀gẹ́ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí owó tí wọ́n ń san kò tó owó àwọn tí ń wú u, tí àwọn kan sì fi í sílẹ̀ kí ó jẹrà nínú ilẹ̀. Ojú tì mí láti gba abúlé wọn kọjá. A ti kọ́ wọn bí a ṣe ń kórè púpọ̀, a kò kọ́ ara wa ibi tí yóò gbà lọ. Nígbà tí owó àyálò náà sì tán, alùpùpù tí ó bàjẹ́ kò rí ẹni tún un ṣe, olùkọ́ tí ó fẹ̀yìn tì kò rí ẹni rọ́pò rẹ̀, abúlé mẹ́jọ mi sì di ogún. Àwọn olówò ló gba àyè tí a fi sílẹ̀. Oníṣòwò kan tà igi ẹ̀gẹ́ fún ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ kan, ó ní TME 419 ni. Nígbà tí ó hù, irú mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wà nínú rẹ̀, ọ̀kan sì ti ní àrùn ewé kí ó tó pé oṣù méjì. Bí ó bá jẹ́ pé ẹnikẹ́ni nínú wa ṣì ń dé ọ̀dọ̀ wọn ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì, wọn ì bá ti pe ẹnì kan wò ó kí wọ́n tó sanwó. Ìwádìí kò dáwọ́ dúró ní Ìbàdàn ní gbogbo ìgbà yẹn. Ọ̀nà láti ibẹ̀ dé oko ni koríko hù sí, ọ̀rọ̀ yìí ló sì ń dùn mí jù nínú gbogbo ohun tí mo kọ sílẹ̀ yìí.

Bàbá mi kú ní ọdún kan ṣáájú kí n tó fẹ̀yìn tì. Kò gbàgbé ìbéèrè rẹ̀. Ní ìgbà tí mo bẹ̀ ẹ́ wò kẹ́yìn, ó ní bí mo bá ti padà sí oko tí mo sì kórè, kí n gbé gààrí lọ fún àwọn tí ó kó agbọ́n wá. Mo sọ fún un pé wọn kì yóò sí níbẹ̀ mọ́. Ó ní ẹni tí ó wà níbẹ̀ ni kí n fún.

Nítorí náà, lẹ́yìn ìkórè mi àkọ́kọ́, mo gbé àpò gààrí kan sínú ọkọ̀ lọ sí ọgbà ìwádìí kan ní Ìbàdàn. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì bi mí pé ta ni mo wá kí, n kò sì lè dá orúkọ kankan. Mo ro ohun tí ó gbé mi wá fún un, kò sì lé mi. Ó lọ pe bàbá kan wá láti inú oko, ẹni tí kì í ṣe ọ̀mọ̀wé. Òun ni ó ń gé igi ẹ̀gẹ́ tí wọ́n kó pamọ́ tí ó sì ń tún wọn gbìn, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú nọ́ńbà rẹ̀, ó sì ti ń ṣe é láti ìgbà tí ó ti wà ní ọ̀dọ́. Mo dọ̀bálẹ̀ fún un. Ó tú ẹnu àpò, ó bu gààrí díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ó jù ú sẹ́nu, ó ní irú ẹ̀gẹ́ wo ni mo fi ṣe é. Mo sọ ọ́ fún un, ó sì mi orí. Lẹ́yìn náà ni ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ aṣọ, ó ní kí n jókòó, kí n sọ ohun tí ó ń ṣe ewé ẹ̀gẹ́ ní agbègbè wa lọ́dún yìí fún òun.